Tírélà Bàbá Alábùlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà ní Bàbá Alábùlẹ̀, kó kàn wo ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Garawa tí wọ́n pààrọ̀ ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá láti ara àga mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni tírélà wà, tírélà kékeré onítáyà méjì tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò láti fi wọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí ọ̀sà. Ọkọ̀ náà jókòó lé e lórí bí adìyẹ tó sàba.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni bàbá yìí fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn kan, níbi tí owó nǹkan tuntun kì í ti í tètè jáde. Ó kọ́ níbẹ̀ pé ohun tó bà jẹ́ kò tíì kú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé ẹ̀kọ́ náà wálé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń jó irin mọ́ra. Òwe kan ṣoṣo ló sì ń pa káàkiri: "Àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́, ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀ á ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ." Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, kì í bá a jiyàn lórí òwe náà. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Aṣọ ni wọ́n sọ o, Bàbá wọn."

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ tírélà di ọ̀ràn. Àkọ́bí bàbá, obìnrin tó ń yẹ ojú wò tó sì ń ṣe dígí ojú fún àwọn tí kò ríran dáadáa, ló ni ọkọ̀ náà báyìí. Bàbá fà á lé e lọ́wọ́ nígbà tí orúnkún tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ọmọ náà máa ń wa mọ́tò rẹ̀ wá, wọ́n á so tírélà mọ́ ọn, wọ́n á lọ pẹja. Ní Sátidé tí à ń wí yìí, wọ́n ti pẹja tán, ó ku kí wọ́n fa ọkọ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oní-sìmẹ́ńtì tó wà létí omi. Mọ́tò fà, ó fà, táyà ń yí lójú kan, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo etí ọ̀sà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ló wá bá wọn tì í. Ọ̀kan nínú wọn bi wọ́n léèrè bóyá òkúta ni wọ́n lọ pa lódò.

Ọmọ wa mọ́tò délé. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì tán, ó ní, "Bàbá, mo máa ra tírélà tuntun."

"Ra kí ni?"

"Tírélà. Èyí ti tó gẹ́ẹ́."

"Mọ́tò rẹ ni kò lágbára. Tírélà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Mọ́tò yìí ló kó èmi, ọkọ mi àti gbogbo ìkòkò wa gun òkè lọ sí ilé tuntun, kò ráhùn. Ẹ yẹ tírélà yín wò dáadáa. Tí ẹ bá lè tún un ṣe kó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó tán, ẹ jẹ́ kó máa wà níbí, ẹ̀yin nìkan náà lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, màá ra tuntun, màá sì máa gbé e sí ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ mi súnmọ́ ọ̀sà, àyè sì wà."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gún bàbá lọ́kàn. Láti ìgbà tí ọmọ ti kó lọ sí ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún, àárọ̀ Sátidé nìkan ló kù tí bàbá fi ń rí i jókòó. Kí wọ́n tó lọ sódò, ọmọ á jókòó nínú ilé ìdáná, á ki búrẹ́dì bọ tíì, á máa sín àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ: bàbá arúgbó tó kọ̀ láti ka lẹ́tà ara ògiri nítorí pé kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ìyá tó ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń tẹ̀ kéékèèké. Wákàtí yẹn ni bàbá fi ń gbé ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ró. Bí tírélà bá kúrò nínú ọgbà rẹ̀, kí ni yóò máa mú ọmọ wá? Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé ìnáwó òfò ni.

Ó wọ abẹ́ tírélà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó mú òòlù, ó ń kan irin wò níkọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Ibi gbogbo ló dá a lóhùn. Ó jáde, ó gbọn eruku, ó ní fún ìyàwó rẹ̀ pé egungun rẹ̀ le.

"Egungun kọ́ ni ọmọ yín ń rojọ́ rẹ̀," ìyàwó dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. "Ó ní ó wúwo."

"Mọ́tò rẹ̀ ló fúyẹ́."

Ọmọ gbọ́ èyí lórí fóònù, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kò ní ìyekan, kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bàbá gbà, nítorí ó dá ara rẹ̀ lójú.

Ọ̀dọ̀ Onírin ni wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin yìí ń ra irin àlòkù, ó ń tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin, ó sì ní òṣùwọ̀n ńlá kan nílẹ̀ ọgbà rẹ̀ tí mọ́tò lè gùn. Ó mọ bàbá dáadáa, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá ti ń ra àwọn ègé irin tó fi ń ṣe àbùlẹ̀. Bó ṣe rí wọn tí wọ́n ń wọlé, ó dìde lórí àga.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ti wá tà á ni?"

"Mo wá gbé e sórí òṣùwọ̀n ni."

"Ẹni tó bá ti ń gbé nǹkan sórí òṣùwọ̀n, ó ti ń tà á lọ́kàn."

"Ìwọ ọmọ yìí, ọjà ni yóò pa ọ́."

"Àmín, Bàbá. Kó sì pa mí sínú owó."

Wọ́n kọ́kọ́ wọn tírélà pẹ̀lú ọkọ̀ lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n gbéra, ó yí lọ sápá ọ̀tún, ó dúró. Onírin fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá rọra ti ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà àlòkù, ó ku tírélà nìkan. Bàbá dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń retí kí abẹ́rẹ́ náà wálẹ̀ pátápátá. Abẹ́rẹ́ mì díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè tí kò fẹ́ dìde, ó sì dúró. Kò tíì kúrò níbi àmì ṣọ́ọ̀kì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

"Òṣùwọ̀n rẹ bà jẹ́," bàbá wí.

"Òṣùwọ̀n tó ń bọ́ ilé mi?" Onírin gun orí rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yí tírélà kúrò. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dúró. Onírin wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ rí i. Ohun tí ìyàwó mi ń sọ nípa ìjẹun mi náà ló ń sọ. Kò purọ́ rí."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí tírélà ká, ó ń fọwọ́ kan àwọn irin ara rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ará ilé lọ́nà àjò. "Èyí, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni. Èyí, géètì ilé ìwé kan ni, ẹ wo àwọ̀ ewé tó kù lára rẹ̀. Èyí, ẹ má jẹ́ n parọ́, òpó iná ojú títì ni. Bàbá, mo ti ń bi ara mi léèrè pé ibo ni gbogbo ọjà mi ń gbà lọ."

Ọmọ yíjú sẹ́yìn. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Rín ẹ̀rín rẹ tó o bá fẹ́ rín in," bàbá wí.

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Bàbá. Eruku ló kó sí mi lójú."

"Ìwọ tó ń tọ́jú ojú gbogbo ayé."

Kò bínú. Kò lè bínú, torí ohun tó wà níwájú rẹ̀ hàn gbangba. Ìgbàkígbà tí irin kan bá là, ó jó irin mìíràn lé e. Nígbà tí èyí náà bá là, ó jó ẹ̀kẹta lé ẹ̀kejì. Bí ìsanra ṣe ń wọ ènìyàn lára láìjẹ́ pé ó rí i nínú dígí ni irin ṣe wọ tírélà lára. Tírélà kejì ló kọ́ sórí àkọ́kọ́, tó wá ń ní kí mọ́tò ọmọ rẹ̀ máa fa méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Ọkùnrin tó ń bá gbogbo ilé jà nítorí iná tí wọ́n gbàgbé láti pa ló ń ṣe èyí.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ ròyìn, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mú. Lẹ́yìn tó nu ojú tán, ó gbé ṣòkòtò kan tó ń tún ṣe sókè.

"Bàbá wọn, tí wọ́n bá gbé ṣòkòtò tó ya lójú àbùlẹ̀ wá fún mi, kí lẹ rò pé mo máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Wàá lẹ òmíràn mọ́ ọn."

"Mo máa ń tú ti tẹ́lẹ̀ ni. Màá tú u títí màá fi dé ibi tí aṣọ gan-an ti le, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Tí mi ò bá ríbi tó le, màá ká a, màá dá a padà fún ẹni tó ni ín."

"Látọjọ́ yìí, o ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí. Òwe lẹ máa ń pa fún mi."

Ọmọ àti bàbá gbé ọkọ̀ kúrò lórí tírélà kí ọmọ tó lọ, wọ́n dà á dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Bàbá ti pinnu. Yóò gé gbogbo àbùlẹ̀ náà kúrò. Bó bá bá irin tó le lábẹ́ wọn, yóò tún un ṣe ní ọ̀nà tó tọ́, tírélà yóò fúyẹ́, yóò sì dúró síbi tó wà. Bí kò bá bá a, ó parí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó so aṣọ mọ́ imú, ó wọ dígí tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un, ó tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Iná ń ta pàrà títí tó fi kan ògiri. Àbùlẹ̀ àkọ́kọ́ já bọ́. Ó yọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fi èékánná kan irin tó bá níbẹ̀, ó ṣí bí èèpo búrẹ́dì tó ti gbẹ. Omi ọ̀sà ti ráàyè wọ àárín àbùlẹ̀ àti irin, kò rí ọ̀nà jáde, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ irin náà ní kọ̀rọ̀. Bákan náà ló rí lábẹ́ ìkejì. Bákan náà ló rí lábẹ́ gbogbo wọn. Àwọn ibi tí bàbá kò fọwọ́ kàn rí nìkan ló ṣì le: ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, àti apá iwájú tí wọ́n fi ń so ó mọ́ mọ́tò. Ó wo àwọn ègé irin tó kún ilẹ̀. Àbùlẹ̀ tó yẹ kó dáàbò bo irin ló ti bá omi ṣílẹ̀kùn.

Ó jókòó lórí garawa. Orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, torí orí ẹni tó mọṣẹ́ kì í sinmi. Ó lè ra irin pẹlẹbẹ tín-ínrín, kó fi bo gbogbo ojú ihò, kó kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Yóò fúyẹ́. Yóò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọ yóò wò ó, yóò ní, "Bàbá, ẹ kúkú ṣe é," yóò sì wá ní Sátidé, yóò ki búrẹ́dì bọ tíì. Ta ni yóò mọ̀? Bóyá ó máa gbé wọn lọ sódò títí ọdún á fi yí po. Bóyá ó máa já lójú títì ní ọjọ́ kan tí mọ́tò ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sínú rẹ̀.

Ó dìde, ó fọ ọwọ́, ó mú fóònù.

"Àkọ́bí."

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ti ṣe?"

"Kò ṣeé tún ṣe. Lọ ra tuntun."

Ọmọ ní, "Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Irin ni ara rẹ̀ kò le."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ ra nǹkan tuntun. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ mi kó wá gbọ́."

"Má pe ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n fi síńkì bò tinú tòde kó má bàa dípẹtà ni kó o rà, má ra ọlọ́dà lásán. Kó o gbé e sí ọ̀dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ló súnmọ́ omi, ohun tó bójú mu ni." Ó pa fóònù kí ohùn rẹ̀ tó tú u fó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ni, nínú aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́.

"Òní kọ́ ni Sátidé," bàbá wí.

"Mo mọ̀."

"Kò sí tírélà tó o fẹ́ fà."

"Mo rí i." Ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kù, ọ̀pá kan, apá iwájú, táyà méjì àti òkìtì ìpẹtà. "Mo wá wò yín ni. Ohùn yín kò dún dáadáa lánàá."

Wọ́n wọ ilé ìdáná. Ìyá gbé tíì kaná, ó ní láìbojú wẹ̀yìn, "Bàbá rẹ rò pé o ò ní máa wá mọ́ bí tírélà bá lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" bàbá bèèrè.

"Ẹ̀yin. Lójú oorun."

Bàbá kọjú sí búrẹ́dì. Ọmọ wò ó, ó tún wo ìyá rẹ̀.

"Òótọ́ ni pé mi ò ní máa wá ní Sátidé," ọmọ wí. Bàbá mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ó máa wá. Alẹ́ Fráídè lẹ ó máa sùn lọ́dọ̀ wa, ká lè tètè jáde láàárọ̀."

"Kí n máa lọ sùn nílé àna, bí ẹni tí wọ́n lé nílé?"

"Àna yín ló ní kẹ́ ẹ wá. Ó ní kí n sọ fún yín pé ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa kì í tì dáadáa."

Bàbá gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ara ìlẹ̀kùn ni tàbí ara àgbékọ́ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Kí n tó mú irinṣẹ́, ó yẹ kí n mọ̀."

Ìyá ti pa iná. Ó ń lọ sí yàrá.

"Níbo lò ń lọ?" bàbá bi í.

"Mo fẹ́ yọ báàgì mi sílẹ̀. Àbí ẹ̀yin nìkan ló jẹ́ àna fún?"

Onírin fi mọ́tò akẹ́rù wá kó ọjà rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó sì bá bàbá tò ó sínú mọ́tò láìṣe yẹ̀yẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá yọ ọ̀pá tó le, apá iwájú àti táyà méjèèjì sọ́tọ̀, torí ohun tó dára kì í ṣe ohun tí à ń dà nù. Ìyàwó rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá yẹn bá wọ yàrá ìránṣọ òun, òun náà á wọ mọ́tò Onírin.

Tírélà tuntun dé. Ọmọ wá fi gbé ọkọ̀ kúrò nínú ọgbà, bàbá sì wò ó lọ títí ó fi yà níkòríta. Ilẹ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ tóbi ju bó ṣe rò lọ. Ó gbá a, ó kúrò níbẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nílé ọmọ, bàbá ló kọ́kọ́ jí. Ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ti ń tì dáadáa láti alẹ́. Ó jáde sí ọgbà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó yí tírélà tuntun ká. Irin rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ó wá àléébù lára rẹ̀, kò rí.

"Ṣé ó dáa, Bàbá?" ọmọ bèèrè láti ẹnu ọ̀nà, tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọn ò fi irin ṣòfò," ó wí. Kò sí ìyìn tó ju èyí lọ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n mu tíì. Ọmọ sín oníbàárà tuntun kan jẹ, ọkùnrin kan tó fẹ́ dígí tí yóò jẹ́ kó máa rí ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe. Ìyá jáde bá wọn, ó ní kí wọ́n tún ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò lódò lọ́sàn-án, mọ́tò fa ọkọ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìyí ohùn padà, pẹ̀lú ìyá lórí àga ẹ̀yìn. Bàbá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tì í kò rí nǹkan tì.

Bí wọ́n ṣe délé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ó bèèrè ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Ó fa rọ́bà omi jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi mímọ́ fọ tírélà náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà, ó lọ sí ìkòríta irin níkọ̀ọ̀kan, ó rọra ṣe é, bí ẹni ń wẹ ọmọ.

"Ẹ sinmi ná, Bàbá. Màá fọ̀ ọ́ tó bá di ọ̀la."

"Iyọ̀ kì í dúró de ọ̀la. Gbogbo ìgbà tó bá ti odò dé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, lọ́jọ́ náà gan-an."

"Gbogbo ìgbà? Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"Ta ló ní ìwọ ni wàá máa fọ̀ ọ́?" bàbá wí, ó sì tẹ̀ síwájú sí apá kejì.